Ẹ̀rọ Mẹ́fà tí Ẹ-Dìde Rà

Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé à ń purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí àga. Àga náà wà nínú yàrá kejì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe títì, tó ń gbẹ́ gọ́tà, tó sì ń kọ́ afárá kéékèèké. Ilé-iṣẹ́ ọ̀hún kò tóbi títí, kò sì kéré: òṣìṣẹ́ ọgọ́ta, ọkọ̀ akóyẹ̀pẹ̀ mẹ́rin, àti ẹ̀rọ ńlá márùn-ún tí wọ́n ti gbó, ṣùgbọ́n tí wọ́n ṣì ń jí láràárọ̀. Àga yìí ga ju gbogbo àga yòókù lọ, nítorí pé ẹni tó ń jókòó lé e ti ní kí káfíńtà gbé e ka orí pákó tó nípọn tó ìka mẹ́rin. Káfíńtà bi í pé kí ló dé. Ó ní kí òun lè máa rí iṣẹ́ dáadáa ni. Fèrèsé tó dojú kọ àga náà, ògiri ilé kejì nìkan là ń rí níbẹ̀.

Ẹni tó ni àga ni Ọ̀gá Àgbà fún Ọ̀rọ̀ Ẹ̀rọ, Irin àti Gbogbo Ohun Tó Ní Táyà. Òun fúnra rẹ̀ ló fi oyè yìí jẹ ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn tí ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn kò rí àyè, ilẹ̀kùn ló ní kí wọ́n pààrọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ní tiwọn ń pè é ní Ẹ-Dìde, ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀ ni. Ohun tó fà á ni pé akọ̀wé rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọ ibikíbi tó bá ń lọ, á sì ké pé, “Ẹ dìde!” kí Ọ̀gá tó yọjú. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ nílé oúnjẹ. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ nílé ìwòsàn, níbi tí ọkùnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dá ti gbìyànjú láti dìde lóòótọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n kú, ìyàwó olóògbé gba ìjókòó alága, gbogbo ayé sì ń pè é ní Màmá Alága. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti lọ́jú pọ̀. Ní ọ́fíìsì, Màmá Alága ni ọ̀gá Ẹ-Dìde. Nínú ẹbí, Màmá Alága bá a nílé ni, nítorí náà ọkọ rẹ̀ ló jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin náà fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ. “Ọkọ mi, ẹ káàárọ̀,” ni Màmá Alága máa ń wí ní gbogbo òwúrọ̀, á sì rọra tẹ orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún. Ẹ-Dìde á dáhùn pé, “Ìyàwó wa, ṣé àlàáfíà ni?” bí ẹni pé òun ló gbà á síṣẹ́.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, ilé-iṣẹ́ náà gba iṣẹ́ tó tóbi ju gbogbo èyí tó ti ń gbà lọ: gọ́tà ńlá kan tó jìn ju ènìyàn lọ, tó gùn tó kìlómítà méjì, tí yóò gba ẹ̀yìn Òpópónà Ìsàlẹ̀ kọjá lọ sínú odò. Lọ́dọọdún ni omi òjò ń wọlé àwọn ará òpópónà yìí. Ìyá tó bí Ẹ-Dìde lọ́mọ gan-an ń gbé níbẹ̀, ilé kẹta lápá òsì, kò sì gbà láti kó kúrò nínú ilé tí ọkọ rẹ̀ kọ́. Lọ́dún tó ṣáájú, fóòmù tí ìyá ń sùn lé rin gbingbin lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìyá sì wúkọ́ fún oṣù kan gbáko. Ìwé àdéhùn sọ ọ́ kedere pé kí gọ́tà náà dé odò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá dé ibẹ̀, wọn yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, òṣìṣẹ́ ọgọ́ta yóò sì lọ jókòó sílé.

Àsìkò yẹn gan-an ni orúnkún Màmá Alága kọ̀ jálẹ̀. Ó pe Ẹ-Dìde sí yàrá rẹ̀.

“Ọkọ mi,” ó ní, “dókítà ní kí n wá ṣe iṣẹ́ abẹ, ó sì máa tó oṣù márùn-ún kí n tó padà. Ẹ̀yin ni mo fi ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ fún. Àwọn ẹ̀rọ tá a ní ò lè dá iṣẹ́ gọ́tà yìí ṣe, ẹ bá wa ra mẹ́fà sí i, kí gbogbo wọn jẹ́ ẹ̀yà kan náà. Ẹ bi Bàbá Sípánà kẹ́ ẹ tó rà á o. Bí gọ́tà yẹn bá fi dé odò kí òjò tó dé, àga tí ẹ̀gbọ́n yín fi sílẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa jókòó síbẹ̀.”

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, àga nìkan ló wọ Ẹ-Dìde létí. Ó ti pẹ́ tó ti ń wo àga ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí Màmá Alága bá jáde, ó máa ń yọ́ wọlé lọ fọwọ́ pa ibi ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ẹ má tíì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ẹ̀gbọ́n ni gbogbo ilé ń yìn, Ẹ-Dìde ni wọ́n ń rán lọ pọnmi.

Ọjọ́ kejì tí Màmá Alága wọkọ̀ lọ, Ẹ-Dìde gbé Ìgbìmọ̀ Ẹlẹ́ni Mẹ́sàn-án Tó Ń Wádìí Ẹ̀yà Ẹ̀rọ Tó Yẹ Wá dìde. Akọ̀wé rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó máa ń ya fọ́tò rẹ̀ wà níbẹ̀. Onígbàjámọ̀ rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, torí pé ó mọ̀ nípa irin mímú. Àwọn mẹ́fà yòókù jẹ́ àwọn tó máa ń rẹ́rìn-ín kí Ọ̀gá tó parí àwàdà. Nínú àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, kò sí ẹni tó ti tan ẹ̀rọ tó ju ẹ̀rọ ìlọta lọ rí.

Wọ́n pe Bàbá Sípánà wá, wọ́n sì ní kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Bàbá Sípánà ni mẹkáníìkì àgbà ilé-iṣẹ́ náà láti ìgbà ayé ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ̀rọ bá wú ikọ́ ní ìpẹ̀kun títì, yóò ti mọ ibi tó ń dùn ún. Ẹ-Dìde bá wọn sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú nípa iyì, ẹwà àti bí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ jọ ẹni tó rà á. Nígbà tó mí díẹ̀, Bàbá Sípánà gbọ́wọ́ sókè.

“Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ yìí bá bàjẹ́, ta ló máa tún un ṣe, ibo la sì ti máa rí páàtì rẹ̀ rà?”

Onígbàjámọ̀ mi orí bí ẹni tó gbọ́ òfò.

“Ẹ gbọ́ o,” ni Ẹ-Dìde wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ bí tẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ nítorí aráyé. “A ò tíì rà á, ó ti ń ṣépè fún un. Bàbá, bí wọ́n bá bí ọmọ tuntun láàárọ̀ yìí, ṣé ibi tí wọ́n máa sin ín sí lẹ máa kọ́kọ́ bèèrè?”

“Mi ò ṣépè, sà. Irin ni. Irin máa ń bàjẹ́.”

“Irin tiyín ló máa ń bàjẹ́.”

Ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti tẹ ìwé tó gbé Bàbá Sípánà kúrò ní gáréèjì, tó sì sọ ọ́ di Alábòójútó Àgbà fún Òdòdó àti Koríko Iwájú Ilé. Bàbá gba agolo ìbomirin, ó dúpẹ́, ó lọ. Ẹnu ẹ̀rọ omi ọgbà tó ti ń jò láti ọdún mẹ́fà, ó dí i kó tó bomi rin ewéko kan.

Olùtajà mẹ́ta ló gbé ẹ̀rọ wá. A ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ kankan; àwòrán tó wà lára ẹ̀rọ ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń pè wọ́n: Elérin, Ẹlẹ́yẹ àti Oníràwọ̀.

Obìnrin kan tó wọ bàtà ẹlẹ́rẹ̀ ló wá láti ọ̀dọ̀ Elérin. Kò mú ju ìwé méjì lọ́wọ́. “Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣọ́ọ̀bù páàtì wa ò ju ogún ìṣẹ́jú lọ síbí. Bí họ́ọ̀sì bá bẹ́ láàárọ̀, a ti pààrọ̀ rẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Ẹ lè pe àwọn tó ti ń lò ó, nọ́ńbà wọn nìyí.” Bó ṣe parí nìyẹn. Ẹ-Dìde wojú ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ wojú Ẹ-Dìde. Obìnrin yìí náà, bíi Bàbá Sípánà, ti fẹnu kan ọ̀rọ̀ kí nǹkan bàjẹ́. Akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tí Ọ̀gá wọlé, obìnrin náà kò dìde. Òótọ́ ni. Ìdúró ló wà tẹ́lẹ̀.

Ọkùnrin Ẹlẹ́yẹ ṣe dáadáa, àfi pé ó pe Ọ̀gá Àgbà fún Ọ̀rọ̀ Ẹ̀rọ, Irin àti Gbogbo Ohun Tó Ní Táyà ní “Ọ̀gá” lásán. Wọ́n ní kó máa lọ sílé, wọ́n á pè é.

Aṣojú Oníràwọ̀ ló wá kẹ́yìn. Kó tó dẹ́nu ọ̀nà ló ti tẹrí ba, kò sì gbé orí sókè títí iwájú rẹ̀ fi kan tábìlì. “Bàbá Irin! Ọkọ Ẹ̀rọ! Ẹni tí táyà gbúròó tó dẹwọ́ yíyí! Ta ni èmi tí mo fi ń tajà fún yín? Mo wá gbàmọ̀ràn ni. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ yìí lókè òkun ti gbọ́ nípa yín, wọ́n ní kí n bi yín bóyá àwọn ṣe é bó ṣe yẹ.”

Ẹ-Dìde rẹ́rìn-ín músẹ́. Orí rẹ̀ wú. Lóòótọ́ ló ti fura láti ọjọ́ pípẹ́ pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ òun lókè òkun.

Wọ́n jáde sí àgbàlá lọ wo ẹ̀rọ ìwalẹ̀ náà. Ó ń dán gbinrin. Awọ ni wọ́n fi bo ìjókòó rẹ̀, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ nínú rẹ̀, fèrè rẹ̀ sì ní ohùn mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí ló pa Ẹ-Dìde. Aṣojú ṣẹ́jú sí òpérétọ̀ rẹ̀. Apá ẹ̀rọ náà gòkè, ó nà gbọnrangandan, ó sì rọra tẹ̀ wálẹ̀ níwájú Ẹ-Dìde títí ọwọ́ ìwalẹ̀ rẹ̀ fi kan ilẹ̀.

“Ó ń kí yín, sà,” ni aṣojú wí.

Ẹ̀yin òǹkàwé, gbogbo ẹ̀rọ ìwalẹ̀ tó wà láyé ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń walẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n omi lé ròrò sójú Ẹ-Dìde. Ó na ọwọ́, ó fi kan irin tútù náà lórí, ó ní, “Dìde, ọmọ mi.” Ẹ̀rọ dìde. Ìgbìmọ̀ Ẹlẹ́ni Mẹ́sàn-án kò tún jókòó mọ́. Orí ìdúró níbẹ̀ ni wọ́n ti fọwọ́ sí i pé ẹ̀yà Oníràwọ̀ ló mọ ọ̀wọ̀ jù láàárín gbogbo ẹ̀rọ ayé, kí wọ́n ra mẹ́fà.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí iṣẹ́, wọ́n to ẹ̀rọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sẹ́yìn Ẹ-Dìde, wọ́n sì tan gbogbo wọn sílẹ̀ kó lè níyì. Ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀. “Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti wà,” ó ní, “kò tíì sí ẹni tó gbẹ́ ẹ bó ṣe wù ú. Lónìí, ilẹ̀ rí ẹni tó yé e! Ta ló ra ẹ̀rọ wọ̀nyí?” Akọ̀wé ké pé, “Ẹ̀yin ni, sà!” “Ta ló rà wọ́n?” Gbogbo wọn ké e. Ó bi wọ́n lẹ́ẹ̀mejìlá. Nígbà tó fi parí, epo tí wọ́n máa fi ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà ti jóná tán, wọ́n sì lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fò. Ẹni tó bá mọ gọ́tà gbígbẹ́ mọ̀ pé láti ẹ̀bá odò là ń bẹ̀rẹ̀, kí omi lè máa rí ibi gbà jáde bí a ṣe ń gòkè bọ̀. Ẹ-Dìde ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti òkè, nítorí pé títì ńlá wà níbẹ̀, àwọn tó ń kọjá nínú ọkọ̀ á sì máa rí i. Bàbá Sípánà gbọ́ níbi tó ti ń gé koríko. Ó fi àdá sílẹ̀, ó gòkè lọ sí yàrá kejì, ṣùgbọ́n akọ̀wé bi í bóyá ọ̀rọ̀ òdòdó ni. Nígbà tó ní rárá, wọn kò jẹ́ kó wọlé.

Àwọn ẹ̀rọ márùn-ún àtijọ́ ńkọ́? Ẹ-Dìde ní wọ́n ń ba àwọn tuntun lójú jẹ́. Ó tà wọ́n fún alágbàṣe kan tó wà ní títì kejì. Alágbàṣe náà kò dúnàá-dúrà rárá. Ó wá kó wọn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà yí ọkàn padà.

Oṣù méjì kọjá, iṣẹ́ ń lọ. Ẹ-Dìde máa ń wá síbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, àwọn ẹ̀rọ á fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n á sì kí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, márùn-ún kí i. Nọ́ńbà mẹ́ta kò kí i.

“Họ́ọ̀sì rẹ̀ ló bẹ́, sà,” ni òpérétọ̀ wí. “Rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí apá rẹ̀. Mo ti gbé e kiri gbogbo ìlú. Kò sí irú rẹ̀ níbì kankan. Ẹnu tiwọn yàtọ̀ sí ti gbogbo ayé.”

Ẹ-Dìde pe aṣojú Oníràwọ̀ lórí fóònù. “Bàbá Irin!” ni aṣojú dáhùn, “Ẹ ò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó láti gbóhùn yín! Họ́ọ̀sì kẹ̀? Họ́ọ̀sì kéré. Mo ti kọ̀wé sí wọn lókè òkun. Oṣù mẹ́ta, ó pẹ́ tán, mẹ́rin.”

Ẹ̀rọ dúró fún ọ̀sẹ̀ kan. Òpérétọ̀ ní bóyá kí wọ́n pe Bàbá Sípánà. Ẹ-Dìde wò ó títí ó fi dákẹ́. Ara Ẹ-Dìde kò gbà á pé nǹkan tó ti kí òun rí lè wá dúró gbagidi níwájú òun báyìí. Ó rò ó títí, ó sì ṣe ohun tó máa ń ṣe fún gbogbo òṣìṣẹ́ tí kò bá kí i. Ó fún ẹ̀rọ náà ní kúérì.

Akọ̀wé fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì iwájú rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: “Sí Nọ́ńbà Mẹ́ta. A ṣàkíyèsí pé láti ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, o kọ̀ láti gbé apá sókè nígbà tí Ọ̀gá Àgbà fún Ọ̀rọ̀ Ẹ̀rọ, Irin àti Gbogbo Ohun Tó Ní Táyà dé ibi iṣẹ́. Ìwà àfojúdi gbáà ni. Ṣàlàyé ara rẹ láàárín wákàtí méjìdínláàádọ́ta, kí o sì sọ ìdí tí a kò fi ní bá ọ wí.”

Òpérétọ̀ bi akọ̀wé ní bòókẹ́lẹ́ pé ṣé òun ló máa dáhùn ni. Akọ̀wé ní rárá, kò sí orúkọ rẹ̀ lórí ìwé. Wákàtí méjìdínláàádọ́ta pé, Nọ́ńbà Mẹ́ta kò fèsì. Ìgbìmọ̀ jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní dídákẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ó jẹ̀bi, wọ́n sì dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Onígbàjámọ̀ dá àbá pé kí wọ́n gbé e jìnnà sí àwọn yòókù kí ó má baà kọ́ wọn níwàkiwà. Gbogbo wọn ní ọgbọ́n nìyẹn. Wọ́n so okùn mọ́ Nọ́ńbà Mẹ́rin kó wọ́ ọ lọ, Nọ́ńbà Mẹ́rin sì kú sójú ọ̀nà. Òun náà gba kúérì.

Àwọn òpérétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ máa ń ṣe. Wọ́n tú họ́ọ̀sì lára Nọ́ńbà Mẹ́rin wọ̀ fún Mẹ́ta, wọ́n tú páǹpù lára Márùn-ún fún Nọ́ńbà Kan, títí tí mẹ́fà fi di mẹ́rin, tí mẹ́rin fi di méjì. Ní òpin oṣù kẹrin, Nọ́ńbà Mẹ́fà nìkan ló ṣẹ́ kù, apá ọ̀tún nìkan ló sì lè yí sí. Ìwé kúérì bo gíláàsì àwọn yòókù débi tí ẹni tó bá wọ inú wọn kò fi rí ìta. Gọ́tà ti dé ẹ̀yìn Òpópónà Ìsàlẹ̀, ó dúró síbẹ̀, ó ku ọ̀ọ́dúnrún ìṣísẹ̀ kó kan odò.

Ní oru, Ẹ-Dìde kì í sùn mọ́. Ó mọ̀. Kò sí ẹni tí kì í mọ̀ nígbà tí òun nìkan bá wà lórí ibùsùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá mọ́, akọ̀wé á ké pé, “Ẹ dìde!”, àwọn ènìyàn á dìde, ìmọ̀ náà á sì fò lọ. Ìròyìn tó fi ránṣẹ́ sí Màmá Alága kà báyìí pé: “Ẹ̀rọ márùn-ún wà lórí ìdádúró nítorí ìwà àfojúdi. Ìbáwí ń lọ déédéé. Ẹ fọkàn yín balẹ̀, ìyàwó wa.”

Màmá Alága kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ó ní kí nọ́ọ̀sì bá òun kà á, bóyá oògùn ló ń ṣe òun lójú. Nọ́ọ̀sì kà á, ó ní ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn, mà. Ni Màmá bá pe Bàbá Sípánà.

“Bàbá, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sáwọn ẹ̀rọ wa?”

“Màmá, mi ò sí nídìí ẹ̀rọ mọ́. Òdòdó ni mò ń bomi rin.”

“Ta ló ní kẹ́ ẹ máa bomi rin òdòdó?”

Bàbá Sípánà sọ fún un. Màmá Alága ní kí nọ́ọ̀sì bá òun gbé àpótí òun wá.

Òjò kò dúró dè é. Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ló bẹ̀rẹ̀, kò sì rọ̀ bí òjò àkọ́rọ̀ rárá. Gbogbo omi títì ńlá wọnú gọ́tà tuntun, ó sáré gba kìlómítà kan ó lé ní ààbọ̀ wálẹ̀, ó dé ibi tí gọ́tà parí sí, ó sì ya wọ Òpópónà Ìsàlẹ̀. Àwọn ọdún tó kọjá, omi máa ń yọ́ wọlé ni. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ wa là fún un ló gbà wá.

Nígbà tí ọkọ̀ Ẹ-Dìde dé, ibẹ̀ ti kún. Àwọn òṣìṣẹ́ àti ará òpópónà dà bo ọ̀ọ́dúnrún ìṣísẹ̀ tó kù, wọ́n ń fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ẹ. Bàbá Sípánà ń tọ́ka ibi tí wọ́n máa gbẹ́, láti ẹ̀bá odò bọ̀ wá sókè. Akọ̀wé sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, omi mù ún dé orúnkún, ó ké pé, “Ẹ dìde!” Ọkùnrin kan yí ojú wò ó. Akọ̀wé padà sínú ọkọ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ẹ-Dìde gun orí ẹsẹ̀ Nọ́ńbà Mẹ́fà, níbi tó rì sí lẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀. Kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe. “Ẹ̀yin ènìyàn mi,” ó ní, “ní irú wákàtí báyìí, ó yẹ ká bi ara wa pé—”

“Ọkọ mi.”

Màmá Alága ni. Ó dúró lórí ọ̀pá méjì, ẹnì kan ń bo agbòjò lé e lórí. Ó ti pe obìnrin Elérin láti ọ̀nà, ẹ̀rọ kan sì ti ń bọ̀ lórí tírélà. Kò pariwo. “Ọkọ mi, ẹ kú wàhálà. Láti ìsinsìnyí lọ, Bàbá Sípánà ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Àga ẹ̀gbọ́n yín, ẹ má ronú rẹ̀ mọ́.” Ó tún rọra tẹ orúnkún tuntun náà bó ṣe máa ń ṣe, ó sì yí padà lọ bá àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀.

Ó dun Ẹ-Dìde dé egungun. Ó fẹ́ wí nǹkan, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé kẹta ṣí. Ìyá rẹ̀ jáde, aṣọ rẹ̀ rin dé ìbàdí. Ó wo gọ́tà tó parí sẹ́yìn ilé rẹ̀. Ó wo ẹ̀rọ tó rì náà láti òkè dé ilẹ̀, bí ẹni tó ń wo àlejò tí kò sọ ohun tó bá wá.

“Ta ló ra èyí?” ìyá bèèrè.

Ẹ-Dìde wẹ̀yìn wo akọ̀wé. Gíláàsì ọkọ̀ wà ní títì pa. “Màámi, Ìgbìmọ̀ Ẹlẹ́ni Mẹ́sàn-án Tó Ń Wádìí—”

“Mi ò bi ẹ́ ní ti ìgbìmọ̀. Ta ló rà á?”

Àwọn tó wà nítòsí dá ṣọ́bìrì dúró. Òjò ń rọ̀. Ọmọkùnrin tó ti sọ̀rọ̀ wákàtí kan ààbọ̀ lórí ẹ̀rọ yìí wá inú ara rẹ̀ títí, kò rí ju ọ̀rọ̀ méjì lọ.

“Èmi ni.”

Ìyá rẹ̀ ń wò ó. Kò bú u. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. “Sọ̀ kalẹ̀,” ó ní. “Bọ́ bàtà yẹn. Wá bá mi gbé fóòmù mi.”

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó wọlé. Omi ti gbé fóòmù náà kúrò lórí pákó. Ó rù ú sórí, ó wúwo bí òkú ẹran, omi ẹlẹ́rẹ̀ sì ń ṣàn láti ara rẹ̀ wọ ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ lọ dé ẹ̀yìn. Ìyá ń lọ níwájú, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ibi tí ilẹ̀ le fún un. Wọ́n gba àárín àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ kọjá, àwọn yẹn sì yà fún un bí wọ́n ṣe ń yà fún ẹnikẹ́ni tó rẹrù. Nígbà tó sọ ọ́ kalẹ̀ lórí ilẹ̀ gíga, arúgbó kan tí kò mọ̀ ọ́n rí pè é láti ojú fèrèsé ilé kẹrin.

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé wàá lè bá mi gbé tèmi náà?”

Ó wo òpópónà náà láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ilé mọ́kànlélógún ló wà níbẹ̀. Ó nu omi kúrò lójú.

“Mò ń bọ̀, mà,” ó ní, ó sì padà sínú omi.